Kọ̀ǹpútà Orí Bẹ́ẹ̀dì Mojí

Nínú ilé tí a ń gbé ní Bertrams, ní gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó nílò aago. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, àwọn awakọ̀ takisí tó ń lọ sí ìgboro á ti máa fun fèrè, ẹ̀ẹ̀kan fún ẹni tó ti dúró létí títì, ẹ̀ẹ̀mejì fún ẹni tó ṣì ń ti géètì rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni Gogo á gbé ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn rẹ̀. Gogo ni ìyá onílé wa. Ìyá àgbà ni orúkọ náà túmọ̀ sí lédè Súlú, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Á máa gbá àgbàlá, á máa kọrin ìjọ wọn, orin kan ṣoṣo, ẹsẹ kan ṣoṣo, ọdún dé ọdún. Tí ẹnì kan bá wá ṣí omi nínú ilé ìwẹ̀, gbogbo ògiri á gbọ̀n, torí páìpù ilé yẹn dàgbà ju Gogo fúnra rẹ̀ lọ. Yàrá iwájú ni Gogo ń gbé, àwa gba méjì tó wà lẹ́yìn, a sì jọ ń lo ilé ìdáná kan. Ìkòkò pap tirẹ̀, oúnjẹ àgbàdo wọn tó dà bí tùwó, àti ìkòkò ọbẹ̀ tiwa jọ máa ń du ojú sítóòfù tó ṣẹ́ kù tó ń gbóná. Mo ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó dùn. Nígbà mìíràn ó dùn. Àmọ́ tí mo bá rántí ilé yẹn lónìí, àárẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń mú mi, àfi bí ẹni pé èmi ni mò ń gbá àgbàlá náà láti ìgbà yẹn.

Dádì mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé aládàáni kan nígboro. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì mi nílé, nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbí kò tíì dá a lóhùn, nítorí náà ó ń tọ́jú ìyá arúgbó òyìnbó kan tó máa ń fi orúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó ti kú pè é. Mọ́mì á dáhùn. Ó ní àgbà kì í ṣini pè, ojú ló ń ṣe wọ́n. Nínú ilé, Bàbá Mojí ni Mọ́mì ń pe Dádì, Ìyá Mojí ni Dádì ń pè é, bí gbogbo Yorùbá ṣe ń fi orúkọ àkọ́bí pe ara wọn. Gogo náà gbọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Mọ́mì ní Mama Moji. Ọjọ́ kan ló wá bi í pé èwo nínú ilé yìí gan-an ni Moji, nítorí èmi nìkan ló ń rí, wọ́n sì sọ fún un pé Títí lorúkọ mi. Mọ́mì ń bó àlùbọ́sà lọ́wọ́. Ó ní, "She is coming, Gogo." Ó wá bó àlùbọ́sà náà títí ó fi kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ni Mojí. Kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí Dádì àti Mọ́mì kúrò nílé, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá Mọ́mì ní Iléṣà, kí ẹsẹ̀ wọn lè kọ́kọ́ múlẹ̀. Níbí ni wọ́n bí mi sí. Ẹsẹ̀ kò tètè múlẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀ ni, àmọ́ ọdún tí mò ń sọ yìí, ó dà bí ẹni pé òótọ́ ni. Wọ́n ti rí ilé-ìwé tó máa gbà á ní Jánúárì, nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ níbí. Dádì ra bẹ́ẹ̀dì onírin kan ní ọwọ́ àwọn tó ń kó kúrò ládùúgbò, ó kùn ún ní funfun, ó gbé e sí yàrá mi lódìkejì tèmi. "Bẹ́ẹ̀dì Mojí nìyí," ló sọ. "Má jókòó lé e o." Mi ò jókòó lé e. Ohun tó kù ni owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó ìwé àṣẹ ìrìnnà. Wọ́n ti kó díẹ̀ jọ, kò tíì tó.

Bí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe wọlé nìyẹn. Ní àárín ìgbà òtútù, tó máa ń bọ́ sí Júúnì àti Júláì níbí, Dádì gbọ́ pé ilé-ìtajà kan ní Jeppestown fẹ́ kógbá wọlé, ẹni tó ni ín sì ń ta ọjà rẹ̀ lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká méjìdínlógún ló wà níbẹ̀, tuntun nínú páálí, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì kàn wọ́n. Dádì àti Mọ́mì ronú pé tí àwọn bá fi owó Mojí ra wọ́n, tí àwọn sì tà wọ́n, èrè rẹ̀ á dí ohun tó kù. Wọ́n fi báàkì, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, kó wọn wálé ní ọ̀sán Sátidé kan. Ilẹ̀ yàrá wa máa ń rin lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, Mọ́mì kò sì fẹ́ kí ọ̀rinrin kàn wọ́n, nítorí náà orí bẹ́ẹ̀dì Mojí ni wọ́n tò wọ́n sí, páálí lórí páálí, títí ó fi dé ojú fèrèsé.

Ètò Dádì ni pé kí wọ́n tà wọ́n lójú ẹsẹ̀. "Ọkùnrin ará Abẹ́òkúta kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Joubert Park," ló sọ fún Mọ́mì. "Ó ní òun á kó gbogbo ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Èrè rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ó máa gbé ọmọ náà dé."

"Lọ́sẹ̀ yìí kẹ̀?" Mọ́mì rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń wá kọ̀ǹpútà nínú òtútù? Ẹ jẹ́ kó di Jánúárì, kí ilé-ìwé fẹ́ẹ́ wọlé. Gbogbo òbí ló máa wá a nígbà yẹn. À á gbé Mojí wá, à á tún kúrò nínú ilé onípáìpù yìí."

Ẹ gbà mí láyè kí n gbèjà ìyá mi. Ọmọ elépo ni. Màmá Iléṣà, ìyá tó bí i, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣe láyé rẹ̀. Nígbà tí epo pupa bá pọ̀ lóko tó sì pọ̀ lọ́jà, á rà á sínú kẹ́ẹ̀gì, á dí ẹnu wọn pinpin, á kó wọn sí yàrá kan tí oòrùn kì í wọ̀, á sì lọ jókòó. Àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa sáré kiri, òun á máa wò wọ́n. Nígbà tí epo bá wá wọ́n, tí Kérésì ń sún mọ́lé, á ṣí yàrá náà. Epo ló kọ́ ilé tó ń gbé. Epo ló rán Mọ́mì lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Kò sí ohun tó tún dá Mọ́mì lójú tó bẹ́ẹ̀ láyé, yàtọ̀ sí Olúwa: ohun tí kò bá bàjẹ́, tí èèyàn bá ti lè dúró tì í, owó á gun orí ẹ̀. Nígbà tí ó tẹ Màmá Iléṣà láago láti gba ìmọ̀ràn, ìyá náà kò béèrè kí ni kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Má tà á." Ẹni tó bá ti dárúkọ Màmá Iléṣà nínú ilé wa ti borí àríyànjiyàn.

Bí Mọ́mì ṣe tọ́jú páálí wọ̀nyẹn, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń tọ́jú kẹ́ẹ̀gì gẹ́lẹ́ ni. Ó ta kọ́tìnì dúdú sí fèrèsé kí oòrùn má bàa rí wọn. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bọ́ bàtà, á wọlé wá fi àtẹ́lẹwọ́ kàn wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, bóyá wọ́n gbóná, bóyá wọ́n rin. Iṣẹ́ tèmi ni láti fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n ní gbogbo Sátidé, láti òkè wá sílẹ̀, kí n tó lè jáde lọ ṣeré. Mo mọ àmì ara páálí kọ̀ọ̀kan. Yàrá náà wá ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, ó ń rùn bí ìwé tuntun, mo sì kórìíra rẹ̀, àmọ́ mo rò pé bí mo bá ṣe nù wọ́n dáadáa tó ni ẹ̀gbọ́n mi á ṣe tètè dé tó.

Lọ́jọ́ Àìkú, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a máa ń pe Iléṣà. Mọ́mì á kọ́kọ́ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lédè Ìjẹ̀ṣà tí n kì í gbọ́ tán, ohùn rẹ̀ á yí padà, á di ohùn ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló máa ń gbé fóònù fún mi kí n kí ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Mojí nígbà náà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń dá a lóhùn, nítorí Yorùbá mi máa ń tì mí lójú.

"Ṣé bẹ́ẹ̀dì mi ṣì wà níbẹ̀?" ló bi mí lọ́jọ́ kan.

"It's there."

"O ò sùn lórí ẹ̀, àbí?"

"No. The computers are on it."

"Mélòó ni wọ́n?"

"Eighteen."

"Wọ́n pọ̀ jù mí lọ," ló sọ, ó sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, mi ò mọ ohun tí mo sọ.

Ní Òkítóbà, nígbà tí àwọn igi jakarandá bẹ̀rẹ̀ sí í da òdòdó sójú títì, Dádì mú ìwé ìpolówó ọjà kan wálé láti ilé-ìtajà ńlá. Kọ̀ǹpútà tuntun wà lójú ewé àkọ́kọ́. Tiwa wà nísàlẹ̀, wọ́n fi ìlà pupa pa owó rẹ̀ àtijọ́, wọ́n kọ òmíràn tó kéré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A ń jẹun lọ́wọ́, pap tí Mọ́mì rò kó le bí ẹ̀bà, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá. Dádì tẹ́ ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀. Mọ́mì wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Ṣé wọ́n ti bàjẹ́ ni?" ló béèrè.

"Kò sóhun tó ṣe wọ́n."

"Ṣé ẹnì kan ti lò wọ́n?"

"Ẹnikẹ́ni ò lò wọ́n."

"Kí ló wá dé tí owó wọn ń já?"

Dádì fọ ọwọ́. Tó bá fẹ́ ṣàlàyé nǹkan, ó máa ń fọ ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ mú ṣọ́ọ̀kì. "Ìyá Mojí, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé èyí tó wà lọ́wọ́ wa jáde, àwọn tó ṣe é ti jókòó ti èyí tó máa rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ń ṣe ohun inú rẹ̀ lọ́pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ wọn ń mọ́ iṣẹ́ náà, tí ìnáwó rẹ̀ ń dínkù. Tuntun wá dé, ó yá ju ti àná lọ, ó gba nǹkan jù ú lọ, iye tí wọ́n ń ta ti àná náà ni wọ́n sì ń ta á. Ìwọ ná, tó o bá wọ ṣọ́ọ̀bù, tí iye méjèèjì dọ́gba, èwo lo máa gbé?"

"Tuntun."

"Ó dáa. Kí ẹnì kan tó lè gbé ti àná, àfi kí o dín owó rẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í dúró. Àyè ni wọ́n ń wá fún tuntun, wọ́n á gbá ti àná síta. Tí wọ́n bá sì ti dín tiwọn, ta ló máa ra tiwa ní iye tẹ́lẹ̀? Àwọn iṣẹ́ tí èèyàn ń fi í ṣe gan-an ń wúwo sí i lọ́dọọdún, ti àtijọ́ á sì máa mí gúlegúle lábẹ́ wọn. Kọ̀ǹpútà ń darúgbó nínú páálí. Àkàrà ni, kì í ṣe epo. Gbígbóná ni wọ́n ń tà á. Jẹ́ kí n kó wọn lọ sí Joubert Park lọ́la."

Mọ́mì bu òkèlè kan, kò jẹ ẹ́. "Ó máa gòkè ní Jánúárì."

"Kò ní gòkè."

"Ẹ ò mọ ọjà, Bàbá Mojí. Ìwé lẹ mọ̀."

Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn nínú orí mi lọ́pọ̀ ìgbà. Tó bá jẹ́ pé lọ́jọ́ kejì ni wọ́n tà wọ́n, wọn ò ní jèrè, àmọ́ wọn ò ní pàdánù púpọ̀. Bóyá Mojí ì bá ti dé nígbà Àjíǹde. Mo ti bínú sí Mọ́mì lórí ẹ̀, mo ti bínú sí Dádì pé kò fi agbára mú un, mo ti bínú títí ó fi sú mi. Ohun tí mo wá rí nígbà tí mo dàgbà ni pé Mọ́mì kì í ṣe olójúkòkòrò. Kí ó ta páálí wọ̀nyẹn lọ́pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àfi bí ẹni pé ó ní ìyá òun kò mọ ohun tó ń ṣe, ìyá tó ń bá a pọn Mojí. Kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan páálí, owó sì ń já.

Jánúárì dé. Mọ́mì kọ ìwé sí géètì pé a ń ta kọ̀ǹpútà, ó gbé tábìlì sí àgbàlá, ó tẹ́ aṣọ funfun lé e, ó gbé páálí mẹ́ta síbẹ̀. Gogo gbé àga tirẹ̀ wá jókòó tì í, nítorí ó fẹ́ràn ìṣẹ̀lẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó fẹ́ wọ yunifásítì wọlé, Mọ́mì sì ṣí páálí kan fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọmọ náà ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

"Eish, Mama," ló sọ jẹ́jẹ́. "This one is old."

"Old?" Mọ́mì fi ìka kan ike tó ṣì bo ojú rẹ̀. "Look. Nobody has touched it."

"I can see, Mama. But they brought out two more after this one."

Ó dárúkọ iye tó lè san. Kódà Gogo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mọ́mì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá kọ̀ǹpútà náà padà sínú páálí, ó fi ọwọ́ tẹ ike rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn wá lọ́sẹ̀ náà, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá. Lọ́jọ́ tí ilé-ìwé wọlé, Dádì kó gbogbo rẹ̀ lọ bá ará Abẹ́òkúta ní Joubert Park, ohun tó sì gbà wálé kò tó ìdajì ohun tí ọkùnrin náà ti fẹ́ san nínú òtútù. Dádì kò sọ pé "ṣebí mo sọ". Mo dúró kí ó sọ ọ́. Títí di òní, n kò gbọ́ kí ó sọ ọ́ rí, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítorí ìyẹn ju nítorí ohunkóhun mìíràn lọ.

Mọ́mì ló ní láti sọ fún àwọn ará Iléṣà. Mo jókòó tì í. Ó fi Yorùbá tó yé èmi náà sọ ọ́, bóyá kí ó má bàa rí ohùn ọmọdé rẹ̀ lò.

"Ṣé ó dà nù ni?" ni Màmá Iléṣà béèrè.

"Kò dà nù, Màmá."

"Ṣé eku ni?"

"Kì í ṣe eku."

"Kí ló wá jẹ ẹ́?"

Gbogbo àlàyé Dádì wà nínú orí Mọ́mì, kò sì sí èyí tó ṣeé sọ fún obìnrin tí ohun ìní rẹ̀ kò dín rí láìjẹ́ pé ó jò. Ó ní kí wọ́n pe Mojí. Ó sọ fún un pé kò ní ṣeé ṣe lọ́dún yìí. Mojí bi í pé ṣé ọdún tó ń bọ̀ ni, Mọ́mì ní ọdún tó ń bọ̀ ni. Mojí ní, "Ó dáa, mà." Kò sunkún, ìyẹn ló dun Mọ́mì jù. Ó sọ ọ́ fún mi lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ó ní ká ní ọmọ yẹn sunkún ni, òun ì bá mọ̀ pé ó ṣì ń retí òun.

Ọdún tó ń bọ̀ di ọdún méjì. Ìwé nọ́ọ̀sì Mọ́mì wá gba àṣẹ, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi, owó ọkọ̀ pé láìsí ọjà kankan, wọ́n sì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mọ́mì pè lọ́jọ́ Àìkú láti sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbéra. Ó gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́, nítorí ayọ̀ ni. Ohùn Mojí ti yàtọ̀. Ó ti kún, ó sì ń rọra sọ̀rọ̀ bíi ti àgbàlagbà.

"Mọ́mì, ẹ ṣé gan-an ni. Àmọ́ mi ò ní lè wá."

"O ò ní lè wá kẹ̀?"

"Orúnkún ń dun Màmá. Wọn ò lè gbé kẹ́ẹ̀gì mọ́. Èmi ni mò ń wọn epo tí mo bá ti iléèwé dé."

"A máa wá ẹni tó máa dúró tì wọ́n," Dádì sọ.

"Èmi ni mo dúró tì wọ́n, sà."

Mọ́mì fẹnu sún mọ́ fóònù náà. "Mojí, èmi ni ìyá rẹ."

"Mo mọ̀, mà," ni Mojí dáhùn, kò sì sí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀. "Ẹ ṣáà ní Títí lọ́dọ̀ yín."

Mọ́mì gbé fóònù náà, ó nà án sí mi, ó jáde lọ sí àgbàlá. Mo gbé e sétí. Yorùbá ni mo fi kí ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Títí," ló sọ, "bá mi tọ́jú wọn."

Mo ní màá tọ́jú wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lẹ́yìn náà. Ojú Dádì kò ríran dáadáa mọ́ báyìí, Mọ́mì sì máa ń gbàgbé ohun tó jẹ láàárọ̀. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń bu oúnjẹ fún wọn, èmi ni mò ń wa ọkọ̀ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ó rẹ̀ mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àmọ́ Bàbá Mojí àti Ìyá Mojí ni wọ́n ṣì ń pe ara wọn, Mojí ló ni wọ́n. Mo kàn ń bá a tọ́jú wọn ni.